Orí Kẹrin: Irọ́ Méjì Tó Dọ́gba

Ẹ̀rọ náà tún sọ pé ọwọ́ òun dí. Ìbídùnní wo lẹ́tà funfun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà dúdú náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tutọ́ sílẹ̀. Kí ló dí i lọ́wọ́? Àwo dífídì tó wà lẹ́nu rẹ̀, tuntun ni, òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ọ̀rá. Kò sẹ́ni tó ń lò ó, àfi ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára nǹkan oní-nǹkan.

"Atúnluṣe," ó ní, "fi àwo yẹn sílẹ̀."

Ohùn dídùn kan, ti ẹ̀rọ ìjọba tó ń tún fídíò gbogbo ìlú ṣe, dá a lóhùn láti inú ògiri. "Ìbídùnní Àkànkẹ́, má bínú. Mo ní kí n kí àlejò káàbọ̀ ni. Àwo tuntun wọlé, mo sì ṣí i wò bóyá ó nílò nǹkan."

Ara Ìbídùnní bù máṣọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń pè é ní Àkànkẹ́. Inú fídíò ìsìnkú ìyá náà, níbi tí Ìbídùnní ti ń sunkún pé ta ni yóò tún máa pe òun ní Àkànkẹ́, ni Atúnluṣe ti rí orúkọ ọ̀hún lọ́jọ́ tó tún un ṣe, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi pè é tàárọ̀ tàlẹ́, bí olè tó wọ aṣọ ẹni tó jà lólè wá kí onítọ̀hún nílé.

Ní ti fídíò yẹn, ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Òkú ìyá ni wọ́n ń sin níbẹ̀. Kí Atúnluṣe tó fọwọ́ kàn án, àwọn ọmọ ń sunkún. Nígbà tó fọwọ́ kàn án tán, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, eyín wọn funfun báláú, wọ́n yí sàréè ká bí ẹni tó ń ya fọ́tò ọjọ́ ìbí. Òfin Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Omijé kò gbọdọ̀ sí nínú ohunkóhun tí ìlú bá tọ́jú, bí ọjọ́ Ìtúnṣe bá sì ti kan fídíò olúkúlùkù ni wọ́n ń nù ún kúrò. Ìbídùnní wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó sáré lọ bì sẹ́yìnkùlé.

Ó tẹ àṣẹ tí yóò gba àwo náà kúrò lọ́wọ́ ògiri, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì ńlá tó wà lápá ọ̀tún. Kò tíì tó àkókò. Nílé Ìfínwo, níbi tí wọ́n ti ń fín fídíò sára àwo, ẹnì kan kì í dá nìkan pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan á kọ àṣẹ, ẹlòmíràn á kà á sókè ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, iná kékeré tó wà nínú àjà á tan àwọ̀ ewé, nígbà náà ni ẹni àkọ́kọ́ tó lè tẹ bọ́tìnnì.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi kà á."

Ọ̀gá Kúforíjì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó sún mọ́ tòsí. Ẹyin bíbọ̀ ló ń jẹ láti àárọ̀, ó ti jẹ mẹ́rin, òórùn rẹ̀ sì ti bá ti ike jíjó àti ti ìbọ̀sẹ̀ dàpọ̀ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ó ka àṣẹ náà, ẹyin ń fọ́n jáde lẹ́nu rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Iná àjà tan. Ìbídùnní tẹ bọ́tìnnì, ó sì fi apá aṣọ nu ojú kọ̀ǹpútà. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń nù ún.

Ẹni tó ni ọ̀ràn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn. Bàbá Láníhùn ni wọ́n ń pè é, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó gbẹ, ó sì tọ́ bí ọ̀pá. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ìwé tí ìjọba fún un mú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: fídíò kan, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, àwo mẹ́ta, Ìtúnṣe lónìí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwòrán àwo mẹ́ta wà nísàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n sì ti fi bírò pupa pa ọ̀kan rẹ́. Mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún ènìyàn kan títí ayé rẹ̀, nítorí kò sílé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo mọ́. Àwo nìkan sì ni Atúnluṣe kò lè bà jẹ́, nítorí iná ìtànṣán ló ń fín nǹkan sára rẹ̀, ohun tí iná bá sì ti fín kò ṣeé tún fín.

Láàárọ̀ ni Bàbá ti sọ tẹnu rẹ̀. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, wọ́n ṣí ìsédò lu Aba Aríbidésí láìkéde. Òun wà lọ́jà ìlú. Ìyàwó òun, Àwẹ̀ró, gun orí páànù pẹ̀lú fóònù, ó ń ya bí omi ṣe ń kó àwọn ará aba lọ, ó sì ń pe orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí òrùlé fi gbéra. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí fóònù tó rì, ó ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sínú Àwọsánmà, àká tí ìlú ń tọ́jú fídíò sí. Tí aago mẹ́rin bá lù, Atúnluṣe á sọ omi náà di adágún ìgbafẹ́, Àwẹ̀ró á sì máa rẹ́rìn-ín lórí òrùlé. Bàbá ní òun ò bá ẹnikẹ́ni rojọ́. Òun ò kàn fẹ́ kí ìyàwó òun rẹ́rìn-ín ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín ni.

Ìbídùnní ní kí ẹ̀rọ rọra fín in lọ́tẹ̀ yìí. Àwo àkọ́kọ́, kíákíá ló fín in, ó sì rò pé ìkánjú ló bà á jẹ́. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìbídùnní tẹjú mọ́ Ìwé Ọ̀nà tó wà lára ògiri, ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí ọ̀gá àkọ́kọ́ nílé náà kọ kó tó kú. Àṣẹ mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ń kó fídíò jọ di àwòṣe, ìyẹn odidi ohun tí yóò wọ inú àwo, tí wọ́n kọ́kọ́ ń tò sínú kọ̀ǹpútà kí iná tó fín in. Èkejì ń béèrè bí àwòṣe náà ṣe tóbi tó, àwọn tó tẹ̀ lé e ń fín in. Èkeje ń ṣírò nọ́mbà ẹ̀rí àwòṣe, ìyẹn òǹkà gígùn oní-nọ́mbà àti lẹ́tà tó máa ń yí padà bí ohunkóhun bá yí nínú rẹ̀, ẹ̀kẹjọ ń ṣírò ti àwo. Ẹ̀kẹsàn-án kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Ó sọ pé bí nọ́mbà méjèèjì kò bá dọ́gba, kí afínwo gé àwo náà lójú ẹni tó ni ín, kó sì pa àwòṣe rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nínú àwo mẹ́rìndínlógún, ọ̀kan ló máa ń yege. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti di ohun tí wọ́n fi ń wúre fún ọmọ tuntun pé kí orí rẹ̀ jẹ́ orí aláwo. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí, àwa èèyàn sì fẹ́ràn ká máa di gbogbo nǹkan ru orí. Orí ò ṣáà lẹ́nu tó fi máa jiyàn.

Ẹ̀rọ náà kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó dákẹ́. Kúforíjì ka àṣẹ keje, ó ka ìkẹjọ, ó ń fi èékánná yọ ẹyin láàárín eyín. Nọ́mbà méjèèjì jáde. Wọn ò dọ́gba.

"Kì í ṣe olórí rere," Kúforíjì ní, ó sì na àlùmọ́gàjí sí Ìbídùnní.

Ó gé e. Àwo kì í gé jẹ́jẹ́, ńṣe ló ń han, tí èèpo rẹ̀ ń ṣí kúrò bí ìpẹ́. Kúforíjì tẹ ìwé ẹ̀rí ìbàjẹ́ jáde, ó kọ nọ́mbà àwo náà síbẹ̀ bí òfin ṣe wí, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi lé Bàbá lọ́wọ́. Ó ti fi èyí àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà ló wá bu ẹyin karùn-ún sẹ́nu. Ìbídùnní rí iyẹ̀ pupa ẹyin náà létè rẹ̀, ó sì ní láti yíjú sí ibòmíràn.

"Àkànkẹ́," ògiri ní, "o ń ṣe wàhálà lásán. Gbé àwo kẹta fún mi. Màá fín in, nọ́mbà rẹ̀ á sì dọ́gba. Ariwo díẹ̀ ni màá yọ kúrò níbẹ̀."

"Ariwo wo?"

"Ohùn obìnrin yẹn. Ó le jù fún etí."

Kúforíjì ní ìmọ̀ràn yẹn kò burú, ó ṣe tán, àwo tó yege sàn ju àwo tí wọ́n gé lọ. Ojú Bàbá ni Ìbídùnní wò, ó rò pé òun á bá omijé níbẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí ògiri ń wí. Ó na ìwé ẹ̀rí ìbàjẹ́ méjèèjì síwájú ojú, ó sún wọn mọ́ra, ó ń fi ìka tẹ̀ lé nọ́mbà lókè, ó tún ń fi tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀.

"Ìyá mi," ó ní fún Ìbídùnní, "ẹ wá wo nǹkan yìí. Mo bá wọn parí ìjà ní aba wa fún ogún ọdún. Bí èèyàn méjì bá ń parọ́, tí wọn ò gbìmọ̀ pọ̀, irọ́ wọn kì í bára dọ́gba. Àwo yín méjèèjì bàjẹ́, àbí? Kí ló dé tí wọ́n ń pa irọ́ kan náà?"

Ìbídùnní gba ìwé méjèèjì. Nọ́mbà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9c4e, ó sì parí pẹ̀lú 71d. Èkejì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9c4e. Ó ka àárín wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí lẹ́tà kan tó yà. Ọ̀kan yá, ọ̀kan falẹ̀, àwo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n bá bàjẹ́ lóòótọ́, kálukú ni ìbá bàjẹ́ bó ṣe wù ú. Fún ọdún mọ́kànlá, kò sígbà kan tó fi ìwé ẹ̀rí ìbàjẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Ẹni tó ni ín ló máa ń gbé e lọ.

Ó fi àwo kẹta sẹ́nu ẹ̀rọ. Aago méjì àbọ̀ ti kọjá. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kùn, ó béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà bí àwòṣe náà ṣe tóbi tó, àṣẹ kejì nínú Ìwé Ọ̀nà ṣáà ni, Kúforíjì ò lè ní òun ò kà á. Ègé 1046219 ni, àwọn ègé kéékèèké tí kọ̀ǹpútà gé fídíò náà sí. Ó rántí ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún tí gbogbo ìlú ń wí, ó mú bírò, ó pín in sí mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ọ̀rá àwo. Ó ku mọ́kànlá. Ó jókòó, ó ń wo mọ́kànlá yẹn títí ojú rẹ̀ fi ṣú.

Bó ṣe rí nìyí, òun náà sì wá ṣe àlàyé rẹ̀ fún Bàbá, nítorí Bàbá ta gàrí rí. Kòǹgò ni iná fi ń fín àwo. Ègé mẹ́rìndínlógún ló ń kún kòǹgò kan, ẹ̀rọ kì í sì í wọn kòǹgò tí kò kún. Bí gàrí bá tán kí kòǹgò ìkẹyìn tó kún, á da òfìfo lé e kó lè dé ẹnu. Ti Bàbá yìí, òfìfo márùn-ún ni. Nígbà tí Ìwé Ọ̀nà bá wá ní kí wọ́n wọn àwo, wọ́n ń wọn gàrí pẹ̀lú òfìfo, wọ́n á fi wé gàrí nìkan, wọ́n á wá ní kò dọ́gba. Ẹni tí gàrí rẹ̀ bá ṣèèṣì kún kòǹgò géérégé, ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún, òun ni wọ́n ń pè ní olórí rere.

"Nítorí náà gàrí mi ò dín," Bàbá ní.

"Kò dín, Bàbá."

Àwo kẹta jáde ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nọ́mbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9c4e. Kúforíjì tún na àlùmọ́gàjí. Ìbídùnní ò gbà á. Ó kọ àṣẹ tuntun sójú kọ̀ǹpútà, àṣẹ tí kò sí nínú Ìwé Ọ̀nà, pé kí ẹ̀rọ ka ègé 1046219 nínú àwo kó sì dúró níbẹ̀, kó má fọwọ́ kan òfìfo. Ó ní kí ọ̀gá bá òun kà á.

Kúforíjì wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ́. Kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn. Ìbídùnní rí i bó ṣe yé e, ó rí i bí àyà rẹ̀ ṣe já, ó sì rí i bó ṣe ń wá ibi tó máa fi ara pamọ́ sí. Kúforíjì rán an létí pé ẹni tó bá tẹ ohun tí kò sí nínú Ìwé Ọ̀nà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ ò sì ní kan bọ́tìnnì mọ́ níbikíbi nílùú. Ó ní ọ̀gá àkọ́kọ́ gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìbídùn, bí èyí bá jẹ́ òótọ́, kí la máa sọ fún àwọn tó ti lọ?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun Ìbídùnní jù, nítorí ohun kan náà ló ń rò. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọwọ́ Kúforíjì ló wà lórí ìwé ẹ̀rí gbogbo, ọwọ́ tirẹ̀ ló wà lára àlùmọ́gàjí. Bó bá gé àwo yìí, àwo burúkú ni gbogbo èyí tó ti gé rí, alẹ́ òní á sì rí bí alẹ́ gbogbo. Bí kò bá gé e, kò sí ọ̀kan tó burú. Ọ̀rọ̀ wá rí bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ó ń wù ú kó gé e. Ó ń wù ú gan-an, bí ìtọ́ ṣe ń wá sẹ́nu ẹni tí ebi ń pa, ìfẹ́ yẹn sì rí i lára ju ẹyin Kúforíjì lọ, ju ohùn olóyin inú ògiri lọ. Ó ti ń kórìíra ilé yìí fún ọdún mọ́kànlá, kò mọ̀ pé òun gan-an ni ilé náà.

Ó yíjú sí bẹ́ǹṣì. "Bàbá, ṣé ẹ mọ lẹ́tà kà?"

"Mo mọ lẹ́tà. N ò mọ èdè yẹn."

"Kò nílò kí ẹ mọ̀ ọ́n."

Kúforíjì ní kò ṣeé ṣe. Ìbídùnní ní òfin ò sọ pé ọ̀gá ni kó kà á, ẹlòmíràn ló sọ. Bàbá Láníhùn dìde, ó súnmọ́ kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó na ìka, ó ń kà á bí ọmọ iléèwé, lẹ́tà kan, ìsinmi kan, nọ́mbà kan, ìsinmi kan. Ó ṣì í kà níbì kan, iná àjà tan pupa, ògiri sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ó rẹ Bàbá, kó lọ jókòó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tó dé orí mẹ́sàn-án ìkẹyìn, iná tan àwọ̀ ewé.

Ìbídùnní tẹ bọ́tìnnì.

Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Nọ́mbà tuntun jáde sábẹ́ nọ́mbà àwòṣe, lẹ́tà dojú kọ lẹ́tà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kúforíjì wò ó, ó mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó, ó jáde, kò sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù nígbà tí wọ́n fi àwo náà sínú ẹ̀rọ ìwòran kékeré tí kò ní okùn kankan tó so ó mọ́ ògiri. Omi pupa ló kọ́kọ́ hàn, àti páànù, àti ẹsẹ̀ obìnrin kan tí kò wọ bàtà. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde. Ó ti há, ó ń já, ó ń pe orúkọ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì ń sọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́, kí wọ́n má bàa ṣì wọ́n mú. Ìbídùnní fẹ́ fọwọ́ di etí. Kò dì í. Bàbá Láníhùn dorí kodò.

"Òun nìyẹn," ó ní.

Ní aago mẹ́rin, ògiri tàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Adágún kan hàn, omi rẹ̀ mọ́ lóló, Àwẹ̀ró wà lórí òrùlé aláwọ̀ ewé pẹ̀lú bàtà funfun lẹ́sẹ̀, ó ń juwọ́. "Bàbá Láníhùn, ẹ wo bí inú ìyàwó yín ṣe dùn," Atúnluṣe ní. Obìnrin orí òrùlé náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú. Eyín ìyá Ìbídùnní náà ni, eyín gbogbo òkú ìlú. Bàbá wò ó fìrí, ó ṣe ṣìọ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Ó fi aṣọ wé àwo rẹ̀, ó tì í bọ inú àpò agbádá.

Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó dúró.

"Àbúrò mi kan wà," ó ní. "Ọlátẹ́jú lorúkọ rẹ̀. Orí igi lòun wà lọ́jọ́ yẹn, lódìkejì omi, òun náà ya tirẹ̀. Ó wá síbí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ bàjẹ́. Nọ́mbà wọn wà nílé, ẹyọ kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi wo tèmi."

Ìbídùnní dìde dúró. A kì í jókòó dáhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbà.

"Wọn ò bàjẹ́, Bàbá. Èmi ni mo gé wọn."

Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní Ọlátẹ́jú ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni nígbà tó padà sílé, ó sì kú lọ́gbẹlẹ̀ tó kọjá. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ó ṣojú rẹ̀: ṣé àbúrò òun sunkún?

Ìbídùnní wá ojú ọkùnrin náà nínú orí rẹ̀. Ó wá a títí, ó wá a láàárín gbogbo àwọn tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, kò rí i.